Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dì: Bí Koríko Tó Bu Ṣe Di Oògùn

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé inú yàrá ìwádìí ni ìbéèrè gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ìbéèrè ti wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1921, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà. Ọgbẹ́ kékeré á máa ṣẹ̀jẹ̀ títí ẹran á fi kú. Frank Schofield, dókítà ẹran ní Ontario, rí i pé koríko gbígbẹ kan tó ń jẹ́ sweet clover ló fà á, bí ó bá ti bu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 1933, Ed Carlson, àgbẹ̀ kan ní Wisconsin, wa ọkọ̀ nínú yìnyín fún nǹkan bí 300 kìlómítà lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Ó kó òkú màlúù kan, koríko náà àti agolo wàrà kan tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì wà nínú rẹ̀ dání. Karl Paul Link tó bá níbẹ̀ kò ní oògùn tó lè fún un, àfi kó sọ fún un pé kó má fi koríko yẹn bọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Link kò pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ní 1939, Harold Campbell tó ń bá a ṣiṣẹ́ yọ ohun náà jáde: dicoumarol.

Coumarin ló ń mú kí sweet clover máa ta sánsán. Òun fúnra rẹ̀ kì í dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Bí koríko bá bu ló ń di dicoumarol, tó ń ba iṣẹ́ fítámì K jẹ́, tí ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ.

Warfarin, ọmọ ìyá dicoumarol, jáde ní 1948 gẹ́gẹ́ bí májèlé eku. Nígbà tó di 1954, wọ́n ti fọwọ́ sí i fún èèyàn. Ìwọ̀n ló mú ìyàtọ̀ wá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ kíyè sí orúkọ oògùn náà. Inú orúkọ WARF ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn àjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Wisconsin tó ń náwó sí ìwádìí. Bí àgbẹ̀ kan bá gbé ìṣòro rẹ̀ dé géètì ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò sì náwó sí i fún ọdún mẹ́fà?