Ìyẹ̀fun kòkó tó dúdú jù kọ́ ló ṣara lóore jù

Ní àwọn abúlé oníkòkó tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí àgbẹ̀ bá ti fọ́ kòkó tán, yóò kó o jọ, yóò sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Níbẹ̀ ni kòkó ti ń gbóná, tí inú hóró rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ yìí ni àwọn tó ń ra kòkó máa ń wò bí wọ́n bá la hóró. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ àlùkò yẹn ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú èròjà kíkorò tí wọ́n ń pè ní flavanol ń bá a lọ. Èròjà yìí kan náà ni àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2012 pé miligíráàmù 200 rẹ̀ lójúmọ́ ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kò sí ẹni tó lè tìtorí èyí ní kí àgbẹ̀ má bo kòkó mọ́, nítorí kòkó tí a kò bò kì í ní òórùn àti adùn tí ọjà ń fẹ́. Sísá àti yíyan náà ń dín èròjà ọ̀hún kù. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ ni jàǹbá tó tóbi jù wà.

Coenraad van Houten, ará ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló mú àṣà náà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: wọ́n a fi èròjà kan tó fara jọ kán-ún po kòkó, kí kíkan rẹ̀ lè dínkù, kí ó sì dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008 fi hàn pé gíráàmù kan ìyẹ̀fun tí wọn kò fi nǹkan kan pò ní nǹkan bí miligíráàmù 34.6 flavanol. Èyí tí wọ́n pò díẹ̀ ní 13.8, èyí tí wọ́n pò níwọ̀nba ní 7.8, èyí tí wọ́n sì pò gidigidi kò ju 3.9 lọ. Ẹni tó ń wá miligíráàmù 200 lè rí i nínú gíráàmù mẹ́fà ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n yóò mu ju àádọ́ta gíráàmù ti ìkẹyìn lọ.

Báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ti Folin-Ciocalteu: wọ́n a kán oògùn kan sí omi kòkó, bí ó bá ṣe aró tó ni èròjà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn náà lè mú un ṣe aró. Ẹ̀rọ HPLC ló ń ya flavanol kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ tí ó sì ń wọ̀n ọ́n. Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ìwọ̀n kíkan, ìyẹn pH, lè ṣe àmì: ìyẹ̀fun tí wọn kò fi nǹkan pò sábà máa ń wà láàárín 5 sí 6, èyí tí wọ́n pò a máa tó 7 tàbí 8. Bí ọ̀rọ̀ náà “alkali” bá sì wà lára páálí rẹ̀, wọ́n ti pò ó nìyẹn.