Lẹ́tà Tí Ààrẹ Ryti Fọwọ́ Sí

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Fínlándì bá Rọ́ṣíà jà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún yíjú padà bá Jámánì tí wọ́n jọ ń jà tẹ́lẹ̀ jà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939, Fínlándì kéde pé òun kò ní gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Stalin àti Hitler ti pín àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké láàárín ara wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọmọ ogun Stalin ya wọlé. Ọjọ́ 105 ni Fínlándì fi jà nínú yìnyín. Swídìn àti Nọ́wè kò jẹ́ kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ ràn án lọ́wọ́, torí pé àwọn náà kò fẹ́ gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni! Nígbà tí ìjà parí, Rọ́ṣíà gba Karelia, àwọn tó lé ní 400,000 sì fi ilé wọn sílẹ̀.

Èyí ló tì wọ́n sápá Jámánì ní 1941. N kò ní bo àṣìṣe wọn mọ́lẹ̀: wọ́n gba ilẹ̀ wọn padà, wọ́n sì tún kọjá ààlà lọ gba ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Ní oṣù Kẹfà 1944, Rọ́ṣíà padà dé pẹ̀lú agbára ńlá. Jámánì ní bí wọ́n bá fẹ́ ohun ìjà, kí wọ́n ṣèlérí pé wọn kò ní dá bá Rọ́ṣíà parí ìjà. Ààrẹ Risto Ryti kò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi kọ lẹ́tà sí Hitler. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ó fipò sílẹ̀. Mannerheim tó gbapò rẹ̀ sọ fún Jámánì pé ìlérí Ryti kò de òun. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti bá Rọ́ṣíà ṣàdéhùn, wọ́n sì gbà láti lé àwọn Jámánì jáde. Bí àwọn yẹn ti ń lọ, wọ́n dáná sun ìlú Rovaniemi.

Irọ́ ni lẹ́tà náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n Ryti mọ ẹni tí yóò jìyà rẹ̀. Ní 1946, nítorí ohun tí Rọ́ṣíà ń fẹ́, ilé ẹjọ́ ìlú rẹ̀ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ní 1949 ni wọ́n tó dárí jì í. Ní gbogbo ọdún ogun náà, kò sí ọmọ ogun àjèjì tó gba Helsinki.