Ọjọ́ Tí Àpótí Fò Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Kàbbà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí àwọn àgbà tó ṣì di Ìwé Àdúrà mú, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú sí Yorùbá láti inú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé jẹ́jẹ́ ni lójú wa. Ìwé mìíràn tó bá a tan tímọ́tímọ́ ló da Edinburgh, olú ìlú Scotland, rú lọ́jọ́ Ìsinmi 23 oṣù Keje, ọdún 1637.

Ọba Charles Kìíní ló ni ọ̀ràn. Scotland ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n London ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló jókòó sí tó ń jọba lórí ilẹ̀ méjèèjì. Ọdún kẹjọ tó gorí ìtẹ́, ní 1633, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba adé Scotland. Ó wo bí wọ́n ṣe ń jọ́sìn níbẹ̀, kò wù ú, ó ní kí wọ́n máa ṣe é bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Scotland kọ ìwé tuntun, Laud, olórí bíṣọ́ọ̀bù Canterbury, sì bá wọn tún un wò. Ẹnikẹ́ni ò gbé e síwájú àpéjọ ìjọ, wọn ò sì gbé e dé ilé aṣòfin. Ọba pàṣẹ, ó parí: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀dà méjì. Ní 16 oṣù Keje, wọ́n kéde ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Edinburgh pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kíkà á máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jà ti wá rí ọjọ́ méje gbáko fi múra. Èmi ò mọ ìjòyè tó gba ọba nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, Patrick Henderson, tó máa ń ka àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Edinburgh, dìde ka àdúrà àtijọ́ tí etí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Wọ́n ní omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń dágbére fún ìjọ pé ó jọ pé ìgbà ìkẹyìn òun nìyẹn. Àwọn obìnrin ti ń wọlé. Àga ò sí fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, oníkálukú ló ń gbé àpótí tirẹ̀ wá láti ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá gba àyè sílẹ̀ de ìyá ilé.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, àwọn ẹni ńlá dé: Spottiswoode, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà St Andrews, tó tún jẹ́ olórí àwọn ìgbìmọ̀ ọba, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù, adájọ́ àti ìjòyè ìlú. James Hannay, olórí àwọn àlùfáà St Giles, wọ aṣọ funfun, ó ṣí ìwé tuntun. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń ṣépè, wọ́n ní Mísà ló ń ṣe. (Kí àwọn ará wa Àgùdà ní Kàbbà má bínú; ẹ̀rù Póòpù ló ń ba àwọn Scotland nígbà náà.) Ìtàn ní Jenny Geddes, obìnrin tó ń ta ewébẹ̀, bi í pé ṣé etí òun ló ti fẹ́ ṣe Mísà ni, ló bá ju àpótí lù ú. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí orúkọ Jenny tó hàn nínú ìwé, nítorí náà mi ò lè búra fún orúkọ. Àpótí ní tirẹ̀ fò dájú.

David Lindsay, bíṣọ́ọ̀bù Edinburgh, gun orí àga ìwàásù láti pẹ̀tù sí wọn nínú. Wọ́n ju àpótí sí òun náà. Spottiswoode wá ké sí àwọn aláṣẹ ìlú, wọ́n ti àwọn tó ń jà síta, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Hannay ń ka ìwé lọ nínú ilé, òkò ń dún gbàgà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Obìnrin kan ò rọ́nà jáde. Ó gba kọ̀rọ̀ kan lọ, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ń ka tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe àmín kíkankíkan sí àdúrà tuntun. Obìnrin náà yí padà, ó fọ́ ọ létí ọ̀tún, ó fọ́ ọ létí òsì.

Bí ìsìn ti parí, wọ́n lé bíṣọ́ọ̀bù Lindsay ní ìgboro títí ó fi sá wọ àtẹ̀gùn ilé kan. Àwọn ìránṣẹ́ ìjòyè ló yọ ọ́. Ní ọ̀sán, ìgbìmọ̀ ọba pàdé, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọ́n sì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì láìsí ìjà nínú ilé. Ìjà wà níta. Nígbà tí Lindsay ń lọ sí ààfin Holyrood nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ìjòyè kan tó ń jẹ́ Roxburghe, òkò ń rọ̀ lé kẹ̀kẹ́, àwọn ìránṣẹ́ fa idà yọ kí ọ̀nà tó là.

Àwọn kan ní àwọn ọkùnrin ńlá ló ti gbìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, pé iṣẹ́ ni wọ́n rán àwọn obìnrin. Bóyá. Àmọ́ Yorùbá tó bá rántí bí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ṣe mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 ò ní tètè gbà pé obìnrin ń dúró de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́.

Kí oṣù náà tó parí, ìgbìmọ̀ ọba ti dá ìwé náà dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1638, àwọn ará Scotland fọwọ́ sí Májẹ̀mú wọn, ìwé tí wọ́n fi búra pé àwọn ò ní gba àyípadà ọba nínú ìjọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì Greyfriars ní Edinburgh. Kí ọdún náà tó tán, àpéjọ ìjọ ní Glasgow ti pa ìwé náà rẹ́, ó sì yọ gbogbo bíṣọ́ọ̀bù nípò. Charles kó ogun lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣẹ́gun. Owó ogun ló mú un pe ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà, ìjà òun pẹ̀lú wọn ló sì di ogun abẹ́lé tó gbẹ̀mí rẹ̀: wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 30 oṣù Kìíní, ọdún 1649. Ìjọ Scotland kò ní bíṣọ́ọ̀bù lónìí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì Presbyterian láti Scotland àti Jamaica gúnlẹ̀ sí Calabar ní 1846, ìjọ tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ náà.