Àkíkà Àti Ìwé Ìbí: Ìtàn Kíkọ Orúkọ Ọmọ Sílẹ̀ Ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá wa láti inú omi, tó sọ wá di ọmọ, tó tún sọ wá di ọlọ́mọ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, bí wọ́n bá bímọ ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìṣarà, a máa ń pe ìrun sí i létí. Tó bá di ọjọ́ keje, a ó pa ẹran àkíkà, àfáà á wàásù, á ṣe àdúà, ọmọ á jórúkọ. Gbogbo rẹ̀ dára, sunna ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà, tí wọ́n wá bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí i, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Àfáà tó sọ ọ́ lórúkọ lè ti kú, ẹran ti tán, àwọn tó jẹ ẹ́ sì ti gbàgbé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìtàn ìwé ìbí wò.

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE Ń MỌ ỌJỌ́ ORÍ

Àwọn baba wa kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń so ìbí ọmọ mọ́. Wọ́n á ní, "Ìgbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ tẹ Ṣàgámù dó ni wọ́n bí i," ìyẹn nǹkan bí ọdún 1872. Tàbí kí wọ́n ní, "Ọdún tí Akárìgbò Adédòyìn gorí oyè ni," ìyẹn 1916. Àwọn mìíràn á fi ogun Hitler, 1939 sí 1945, ṣe àmì. Àwa Mùsùlùmí tún fi orúkọ ṣe àmì: Jímọ̀ ni ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlàmísì ni ti Ọjọ́bọ̀, Abíọ́dún sì ni ẹni tí ọdún bá láyé. Ẹ wò ó, orúkọ wọ̀nyí sọ ọjọ́ fún wa, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọdún.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn ń kọ ìwé ìrìbọmi. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ wọ iléèwé tàbí iṣẹ́ ìjọba, á lọ mú ìwé yẹn jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ò ní ìwé kankan tí wọ́n lè mú dání.

BÍ ÒFIN ṢE DÉ

Ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà tó di 1863, wọ́n ti ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ níbẹ̀. Rẹ́mọ ò sí nínú òfin yẹn. Ní 1894 ni Akárìgbò Oyèbájọ̀ tó fi ilẹ̀ Rẹ́mọ sábẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Òfin mìíràn tún jáde ní 1917, ṣùgbọ́n ìlú tí ìjọba bá yàn ni ó ń múlẹ̀ sí jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà wa fi dàgbà láìní ìwé.

Ọdún 1955 ni ọ̀rọ̀ yìí wá hàn sí gbogbo ayé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Ní January 17, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, wọ́n lé ní 800,000 ní 1955. Ọmọ ọdún 6 ni ìjọba ní kó wọlé. Báwo ni tíṣà yóò ṣe mọ ọmọ ọdún 6 nígbà tí kò sí ìwé? Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti tó iléèwé nìyẹn. Ọmọ tó ga á wọlé ṣáájú ọjọ́, èyí tí kò tètè ga á padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n.

Ní 1979 ìjọba àpapọ̀ sọ kíkọ orúkọ ọmọ di dandan káàkiri Nàìjíríà. Òfin 1992, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 69, ló rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé Àjọ Ètò Ìkànìyàn lọ́wọ́. Òfin yìí fún òbí ní ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tí wọ́n bímọ.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN ÈNÌYÀN

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn ò fi tètè gbà? Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀rù owó orí tún wà níbẹ̀. Ní 1918, Ogun Adúbí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó wà nítòsí wa, owó orí sì wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí akọ̀wé ìjọba bá ń béèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á rò pé gbèsè ni wọ́n fẹ́ kọ sí ọmọ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé sínú ẹ̀sìn wa. Hudhayfa sọ fún wa pé Ànábì pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti gba Islām, ọkùnrin 1,500 ni wọ́n sì kọ. Ní ayé Sàyídínà Umar, ní nǹkan bí ọdún 20 lẹ́yìn Hijra (641), wọ́n ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní dīwān, wọ́n ń fi í pín owó fún àwọn Mùsùlùmí. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni owó ń kàn. Ìtàn sọ pé ní òru ọjọ́ kan, Umar gbọ́ ẹkún ọmọ. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè. Obìnrin náà, tí kò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ní òun fẹ́ tètè já a lẹ́nu ọmú kí owó Umar lè kàn án. Umar sunkún nídìí ìrun Àsùbá. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sínú Islām ni yóò ní ìpín.

Ẹ rí i báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ọmọ lè rí jẹ ni Umar ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Súúrà Bákárà, áyà 282, pa á láṣẹ fún wa kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kékeré àti ńlá, kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Súúrà Nísáì, áyà 6, ní kí a fi ẹlẹ́rìí sí i bí a bá ń dá dúkìá ọmọ òrukàn padà fún un. Bí owó tó máa parí bá tó kọ sílẹ̀, ọmọ ńkọ́? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà nínú oyún ní ìpín nínú ogún. Bí kò bá sí ìwé tó dárúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí, àwọn ẹbí lè jiyàn lé e lórí.

IṢẸ́ TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe ní 2018 fi hàn pé ọmọ 43 péré nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ni ìjọba kọ orúkọ wọn ní Nàìjíríà. Ìwádìí mìíràn ní 2021 gbé e dé 57. Ó ti dára sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó kù pọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, kí bàbá tó pe àfáà, kó ti mọ ibi tí ọ́fíìsì Àjọ wà ní káńsù rẹ̀, ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìṣarà. Lọ́jọ́ àkíkà, lẹ́yìn àdúà, kí àfáà béèrè gbangba pé, "Ṣé ẹ ti kọ orúkọ ọmọ?" Bí ọjọ́ keje bá kọjá, ọjọ́ 53 ṣì kù nínú 60. Orúkọ tí wọ́n bá pè níbi ìsọmọlórúkọ gan-an ni kí wọ́n kọ, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀, kí Sulaimọn má baà di Solomon nínú ìwé. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan náà ní ìwé tirẹ̀: orúkọ ọmọ, ti bàbá, ti ìyá, ọjọ́ Hijra àti ọjọ́ òyìnbó, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ìwé mọ́sálásí ò lè rọ́pò ti ìjọba o, ṣùgbọ́n yóò tì í lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó jẹ́ kí orúkọ wọn wà nínú ìwé rere láyé àti lálùkìyámọ̀. Àmín.