Pátákò Màlúù àti Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Wí: Ìtàn Kan láti Ilẹ̀ Òkun

Ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé onímọ̀ ìtàn ni yóò sọ̀rọ̀ lórí pátákò màlúù. Ọ̀nà Kábà ni mo gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní kékeré mi, mo máa ń rí àwọn darandaran tí wọ́n ń da màlúù gba ọ̀nà Òmùò lọ sí ìhà gúúsù. Nígbà tí màlúù bá ń tiro, tí itọ́ sì ń hó lẹ́nu wọn, àwọn ìyá Fúlàní tí ń ta wàrà kì í wá sọ́jà mọ́. Àwa ọmọdé kò mọ̀ ju pé wàrà wọ́n lọ.

Àrùn ẹnu àti pátákò ni. Ọdún 1924 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ṣùgbọ́n rinderpest ni ó ká wọn lára jù, nítorí ó ń pa odidi agbo run. (Ọdún 2011 ni a kéde pé ó ti tán láyé.) Àrùn pátákò kì í sábà pa àgbà màlúù. Ọmọ màlúù ni ó ń pa, ó sì ń gbẹ wàrà lọ́yàn ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí kò bá pa odidi agbo, akọ̀wé ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àdánù ìyá oníwàrà kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Níbi tí ìwé ti dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Ní 1898, Loeffler àti Frosch ní Jámánì fi hàn pé ohun tí ń fa àrùn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Màlúù tí ó bá sì ti ṣe é rí, ẹ̀rí rẹ̀ a máa wà nínú omi tí ń yọ lára ẹ̀jẹ̀ dídì. Láti àwọn ọdún 1990 ni àyẹ̀wò ti wà tí ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín màlúù tí àrùn mú àti èyí tí a kàn gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀yà O, A, SAT 1 àti SAT 2 ni a ti rí ní Nàìjíríà; èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Síbẹ̀ ẹlẹ́rìí yìí ní àbùkù: kò dárúkọ ọdún, ọmọ màlúù a sì máa mu ẹ̀rí ìyá rẹ̀ mọ́ omi ọmú àkọ́kọ́.

Ìtiro mìíràn wà tí kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì, pàápàá lára màlúù oníwàrà tí a ń bọ́ ní ilé. Níbẹ̀, haptoglobin tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè a máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń kígbe pé iná ń jó nínú ilé. Kò sọ yàrá tí ó wà, bóyá pátákò ni tàbí ọmú.

Mo bá àwọn kan lọ sí agbo kan ní Bùnú rí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀, baba tí ó ni agbo náà bi mí pé, “Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ, kí ló wí?” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí ibi tí wọ́n kó o lọ. Èsì kò tíì dé.