Ìbẹ̀rù ọdún 2000 àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì

Ṣé ẹ rántí 1999? Rògbòdìyàn ìgboro ló gba ọkàn wa ní Warri níbí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mìíràn tún wà káàkiri ayé: wọ́n ní tí 2000 bá wọlé, kọ̀ǹpútà máa daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Nítorí àtidín àyè kù, nọ́ńbà méjì péré ni wọ́n máa ń fi kọ ọdún sínú kọ̀ǹpútà. 99 ni 1999. Tó bá wá di 00, ó lè kà á sí 1900. Ẹ wo irú ìṣirò gbèsè tí ìyẹn máa gbé jáde!

Nígbà yẹn, NetWare, iṣẹ́ ọwọ́ Novell ní Amẹ́ríkà, gbajúmọ̀ gan-an fún síso kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀, kí gbogbo wọn lè jọ lo fáìlì kan náà. NetWare 3.12 jáde ní 1993. Ní 1998, Novell gbé 3.2 jáde, tó tún àléébù ọdún 2000 ṣe.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kìíní 2000, wàhálà ò pọ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni tẹ́lẹ̀. Rárá o! Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Lónìí, fóònù tá a fi ń gba owó ọjà náà ń sọ pé ká ṣe update. Ihò tí olè lè gbà wọlé ló fẹ́ dí. Ẹ má torí dátà fi í sílẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.