Ẹni Ogun Lé, Ẹni Ìlú Gbà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé onílẹ̀ lòun ní Ọ̀yọ́, ẹ bi í léèrè: Ọ̀yọ́ wo? Ọ̀yọ́ Ilé ti tú ní nǹkan bí ọdún 1835, lẹ́yìn ogun Ìlọrin. Àgọ́ ni Aláàfin Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ tuntun, ni wọ́n fi ń pè é ní Àgọ́-d'Ọ̀yọ́. Ó kó àwọn ará Akéètàn, Ajàgbà àti Jàbàtá wá kún un. Orúkọ ìlú wọn ló di orúkọ àdúgbò lónìí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ò fọ́ ní tiẹ̀. Àwọn tí ogun lé sá wọ ibẹ̀, wọ́n rílẹ̀ kọ́lé, wọ́n sì rí oko dá. Nígbà tó yá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà gba Gáná lọ ṣòwò, títí dé Tamale. Àfi ìgbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré láti kẹ́rù. Ọjà run, ẹni tó jẹ wọ́n lówó ò san.

Kí ló gbà wọ́n? Agbo ilé ni. Ẹni tó ti fowó Gáná kọ́lé sílé rí ibi sùn. Ẹni tí ò kọ́ ọ, ẹbí fún un ní yàrá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún wá ń kọ́ ìlú bàbá wọn bí àlejò.

Nítorí náà, ẹ rọra máa pe èèyàn ní àtọ̀húnrìnwá. Ìlú tá a fi ń yangàn yìí, ọwọ́ àtọ̀húnrìnwá wà lára ògiri ẹ̀.